Fèrè ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi mi ò dákẹ́, ẹ gbà mí o

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston
Ẹ kú ọjọ́ Sátidé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan láti máa fi pẹja ní Galveston Bay. Two-stroke (èyí tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo) ni ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn rẹ̀, 90 horsepower, ti ọdún 1997. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, kí ẹ́ńjìnì tiẹ̀ tó jí, fèrè ìkìlọ̀ á ti gbé e: píìììì! Kò ní sinmi títí n ó fi pa á. Lánàá, ìyàwó mi rò pé aláàmù iná ilé ni, ó ti ń kó àwọn ọmọ jáde. Mo fi ọ́ọ̀sì sí i, omi ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnì dáadáa. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìlàjẹ, Tampa
Àbúrò, gé wáyà fèrè yẹn dànù. Yamaha 40 la fi ń kó èrò láti Ayétòrò lọ sí Ìgbókòdá, a ò gbọ́ fèrè kankan rí. Ọwọ́ la fi ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù, etí la sì fi ń mọ̀ bí ara ẹ́ńjìnì ò bá yá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Southend
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gé nǹkan kan. Ẹ́ńjìnì tiyín nílé, inú epo ni ọ́ìlì wà. Bí epo bá ti dé, ọ́ìlì dé. Tirẹ̀ lè jẹ́ èyí tó ní kòròbá ọ́ìlì lọ́tọ̀, tí pọ́ọ̀ǹpù kékeré ń fà á. Ọjọ́ tí ọ́ìlì inú kòròbá yẹn bá tán, fèrè nìkan ló máa ké fún un. Kó tó mọ̀, písítìnì ti lẹ̀ mọ́ sílíńdà.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ẹ́ńjìnì tó ti tutù láti àná, ooru wo ló fẹ́ máa kéde? Àwọn kan máa ń ké díẹ̀ bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n á sì dákẹ́. Ara wọn ni wọ́n ń dán wò. Tìẹ tí kì í dákẹ́ yìí, àbí ọ́ìlì ló lọ sílẹ̀, àbí sẹ́ńsọ̀ kan ló bàjẹ́, àbí wáyà kan ló bó tó ń kan irin.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí o bá ti yí kọ́kọ́rọ́, iná ti dé ara fèrè. Ó ń dúró kí wáyà rẹ̀ kejì kan irin ẹ́ńjìnì ni. Iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ ooru kò ju pé kó so wáyà náà mọ́ irin bí orí ẹ́ńjìnì bá gbóná dé nǹkan bí 200 Fahrenheit. Wáyà tó bó á ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ooru rárá.

Jẹ́ kó máa ké, kó o yọ wáyà àwọn sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Yamaha sábà máa ń jẹ́ pínńkì. Ti Johnson àti Evinrude, aláwọ̀ iyanrìn. Èyí tó o bá yọ tí fèrè dákẹ́, òun ni olè. Bó bá ṣì ń ké, tọ wáyà náà lọ pẹ̀lú ọwọ́ àti iná tọ́ọ̀ṣì. Má kàn yọ púlọ́ọ̀gì ńlá tó so ẹ́ńjìnì mọ́ ọkọ̀ o! Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, ibẹ̀ ni iná kọ́kọ́rọ́ ń gbà kọjá. Fèrè á dákẹ́, wàá rò pé o ti rí i, irọ́ ni.

Ìyá Ìbejì, Baltimore
Kó wo kòròbá ọ́ìlì ná kó tó tú ohunkóhun. Tiwa kún dẹ́nu, síbẹ̀ fèrè ń ké. Fílóòtì inú rẹ̀, èyí tó ń léfòó láti fi bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó hàn, ló há sísàlẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Southend
Òótọ́ ni, mọ̀mọ́. Títí ọ̀rọ̀ fi máa yanjú, kó po ọ́ìlì TC-W3 (ọ́ìlì two-stroke ti ọkọ̀ ojú omi) mọ́ epo, epo 50 sí ọ́ìlì 1. Níbi tí Bàbá Ìlàjẹ ti ṣe tiwọn dáadáa nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston
Mo ti rí i! Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi okùn ọ̀rá so wáyà náà mọ́ etí irin kan lábẹ́ ìdérí. Irin ti jẹ ara rẹ̀, bàbà inú rẹ̀ ń dán bí ehín. Mo wé e, mo gbé e kúrò níbẹ̀, gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Àmọ́ lónìí lórí omi, mo sáré bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fèrè tún bẹ̀rẹ̀. Mo dín eré kù, ó dákẹ́. Mo ti rọra ń wo sísọ́ọ̀sì o, Bàbá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Southend
Ju sísọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀. Èyí kì í ṣe ti àkọ́kọ́, ooru gidi ni. Omi tó ń tú lẹ́yìn kàn ń sọ pé pọ́ọ̀ǹpù ń ti omi díẹ̀ ni, kò sọ pé omi tó. Ṣé o ti gbá iyanrìn rí níbẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston
Ẹ̀ẹ̀mejì lánàá nìkan. Omi ibẹ̀ ò jìn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Southend
Ó tán. Tú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì, wo impeller inú pọ́ọ̀ǹpù omi, rọ́bà eléwé tó ń yí tó ń ti omi.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston
Ewé rọ́bà mẹ́fà ló yẹ kó wà lára ẹ̀. Mẹ́rin ni mo bá. Tuntun ti wà lọ́wọ́ mi, ṣé kí n kàn fi sí i kí n dé e?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Southend
Rárá o! Méjì tó já, ibo ni wọ́n wọlé sí? Má dé e títí tó o fi máa rí méjèèjì.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston
Ọ̀kan wà nínú páìpù omi. Èkejì ni mo fi odidi ọ̀sán wá: ó há sábẹ́ thermostat (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi bí ẹ́ńjìnì bá gbóná), ó rí bí ìgbín tó wọ ìkarahun. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi sáré lẹ́yìn ìyẹn, fèrè ò dún.

Bàbá Ìlàjẹ, Tampa
A dúpẹ́. Ẹja ńkọ́?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston
Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì.