Kíráùn dífù ẹ̀yìn ọkọ̀ rìmóòtù mi ń gé eyín léraléra: ṣé kí n ra irin líle ni?

Ọmọ Ọbáńtokò:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọkọ̀ rìmóòtù ṣe fúnra yín. Ọkọ̀ akẹ́rù olóko ni mo ní, ìdá mẹ́wàá ọkọ̀ gidi ni ìwọ̀n rẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gba agbára, ẹ́ńjìnnì oníná tí kò ní bọ́rọ́ọ̀ṣì (brushless) ló sì wà nínú rẹ̀. Bátìrì LiPo 2S (sẹ́ẹ̀lì méjì) tó jẹ́ fóòtì 7.4 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní wàhálà kankan. Láti ìgbà tí mo ti bọ́ sí 3S tó jẹ́ fóòtì 11.1, kíráùn (jíà ńlá) dífù ẹ̀yìn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ti gé eyín lẹ́ẹ̀mẹta. Ìró ká-ká-ká ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ nígbà tí mo bá tẹ agbára lójijì, lẹ́yìn náà ọkọ̀ á dúró, ẹ́ńjìnnì á sì máa yí lásán.

Orí ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa ni mo ti ń wà á, mo sì fi pákó ṣe òkè kékeré kan tó ń ti orí rẹ̀ fò. Ilé dífù àti ìkòkò dífù (èyí tó gba àwọn jíà kéékèèké rẹ̀ sínú) jẹ́ ike; irin rírọ̀ ni kíráùn. Ẹni tó ń bá mi ra ẹ̀yà ọkọ̀ náà láti Èkó ní kí n ra gbogbo jíà rẹ̀ ní irin líle, owó rẹ̀ kò sì kéré rárá. Kí n tó ná an, mo fẹ́ mọ̀ bóyá irin líle nìkan yóò tán ìṣòro yìí. Mo tún fẹ́ mọ irú ọ́ìlì tó yẹ kí n dà sínú rẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú ìwé ìlò rẹ̀ kò yé mi, àti iye ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn máa tú dífù wò.

Mẹkáníìkì Lafẹ́nwá:

Àbúrò, kú ìnáwó o. Mọ́tò gidi ni mo fi ń jẹun, ti rìmóòtù ni èmi àti àwọn ọmọ mi fi ń gbádùn ọjọ́ Àìkú, ọ̀nà kan náà sì ni dífù méjèèjì ń gbà ṣiṣẹ́. Má tíì ra irin líle.

Kíráùn kì í sábà gé nítorí pé ó rọ̀. Ó ń gé nítorí pé ó ń sún kúrò lára píníọ̀nù, jíà kékeré tó ń yí i, nígbà tí agbára bá dé sí i. Bí eyín píníọ̀nù bá ti ń ti eyín kíráùn, ìtì yẹn pín sí ọ̀nà méjì: apá kan ń yí kíráùn, apá kejì ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni pé kí ó kúrò níbẹ̀. Bí àlàfo bá wà lẹ́yìn bẹ́ríǹ, tàbí bí ilé dífù oníke bá ń tẹ̀ nígbà tí agbára bá pọ̀, eyín méjèèjì kò ní wọnú ara wọn tán mọ́, orí eyín nìkan ni yóò máa gbé gbogbo ẹrù náà. Ìró ká-ká-ká tí o gbọ́ yẹn, eyín ló ń fo ara wọn kọjá. Bí o bá ra irin líle tí o sì fi í sínú àlàfo kan náà, yóò pẹ́ díẹ̀ sí i kí ó tó gé, ṣùgbọ́n yóò gé.

Bátìrì tí o yí padà náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Láti fóòtì 7.4 sí 11.1 jẹ́ àfikún ìdajì, eré ẹ́ńjìnnì sì ń gòkè bákan náà. Agbára tó sùn sínú táyà tó ń yí á wá ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ronú sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá fò: ìka rẹ ṣì wà lórí agbára, táyà ń yí pẹ̀lú eré kíkankíkan lófuurufú, lójijì ilẹ̀ dá a dúró. Eyín méjì tàbí mẹ́ta ni gbogbo ìdádúró yẹn máa ń kọjá lára wọn. Tú ìka rẹ kúrò kí ọkọ̀ tó balẹ̀. Èyí kò ná ọ ní kọ́bọ̀, ó sì ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni lè tà fún ọ lọ.

Ní ti àtúnṣe, yọ dífù jáde, kí o fi sípírítì fọ eyín àti bẹ́ríǹ rẹ̀ mọ́. Má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, nítorí pé ó ń ba ike àti òrùka rọ́bà jẹ́. Yí bẹ́ríǹ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Èyí tó bá ń há tàbí tó ń mì, pààrọ̀ rẹ̀ ná, nítorí pé bí bẹ́ríǹ bá ti kú, ìwọ̀n wáṣà tí o bá fi dí àlàfo lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa purọ́ fún ọ ni. Nọ́ńbà tó wà lára bẹ́ríǹ ni kí o mú lọ sí ọjà: bí wọ́n bá kọ 688 sí i, ihò inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, ìta rẹ̀ sì jẹ́ 16, ibikíbi tí o bá ti rà á.

Dá dífù padà láìtíì fi gíríìsì sí i, di gbogbo sukúrúù ilé rẹ̀, di píníọ̀nù mú kí ó má yí, kí o wá mi kíráùn síwájú sẹ́yìn. Ìmìra fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ló yẹ kí o gbọ́. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wáṣà tín-ín-rín ni kí o wá, èyí tó nípọn tó mìlímítà 0.1 tàbí 0.2, kí o fi sáàárín bẹ́ríǹ àti ìkòkò dífù ní ẹ̀yìn kíráùn, kí ó lè ti kíráùn sún mọ́ píníọ̀nù. Máa fi 0.1 kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì máa yí i wò. Bí ó bá di pé ó ń há níbi kan, o ti kọjá ààlà, mú ọ̀kan kúrò. Lórí mọ́tò gidi, a máa ń kun eyín kíráùn láti rí ibi tí píníọ̀nù ti ń tẹ̀ ẹ́. Mákà tí wọ́n fi ń kọ̀wé lórí bọ́ọ̀dù ń ṣe iṣẹ́ yẹn lórí ti kékeré. Àárín eyín ni kí àmì náà wà, kì í ṣe góńgó rẹ̀.

Bí owó bá wá kù lẹ́yìn èyí, ìkòkò dífù alumíníọ̀mù tàbí ilé dífù tó le sí i ni èmi yóò kọ́kọ́ rà, nítorí pé títẹ̀ ike ló ń ṣí eyín sílẹ̀. Ìgbà tó bá kan kíráùn, òun àti píníọ̀nù rẹ̀ ni kí o jọ rà; eyín tuntun kì í bá eyín tó ti jẹ ṣe.

Onírìmóòtù Kútọ̀:

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, ẹ ṣeun, ẹ ti sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti pàdánù owó jù kí ó tó yé mi.

Nọ́ńbà ara ìgò jẹ́ ìwọ̀n bí ọ́ìlì sílíkóònù náà ṣe ki tó. Omi jẹ́ nǹkan bí 1 lórí ìwọ̀n yìí, nítorí náà èyí tí wọ́n kọ 10,000 sí ki ju omi lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, èyí tí wọ́n kọ 500,000 sí sì jẹ́ pé bí ẹ bá dojú ìgò rẹ̀ kọlẹ̀, ẹ óò jókòó dè é. Dífù wà kí táyà òde lè yí ju táyà inú lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọ́ìlì nínú rẹ̀, ọ̀nà tó rọrùn ni agbára yóò gbà: táyà tó wà lókè á máa yí fìrìfìrì, èyí tó tẹ ilẹ̀ á dúró. Àwọn jíà kéékèèké inú ìkòkò ní láti la ọ́ìlì kọjá kí táyà méjèèjì tó lè yàtọ̀ síra, bí ọ́ìlì bá sì ṣe ki tó ni ìyàtọ̀ náà ṣe ń ṣòro tó.

Àwọn tó ń fi bọ́gì ìdá mẹ́jọ sá eré ìje ní ètò kan tí a mọ̀ dáadáa, 5-7-3, èyí tí í ṣe 5,000 níwájú, 7,000 láàárín, 3,000 lẹ́yìn. Orí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ fún ìje ni ìyẹn wà fún. Fún ọkọ̀ akẹ́rù tó ń fò lórí ilẹ̀ pupa wa, 30,000 ni mo ń lò níwájú, 100,000 láàárín, 10,000 lẹ́yìn. Bí ẹ bá mú kí ti ẹ̀yìn ki jù, ìdí ọkọ̀ yóò máa fẹ́ gba iwájú lọ nígbà tí ẹ bá ń yà. Bí ọkọ̀ yín kò bá ní dífù àárín, kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ ló ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹ ti dì í le jù, nítorí pé òun ló yẹ kó gba ìkọlù náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ kíráùn.

Ẹ má da ọ́ìlì kún dé ẹnu. Kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bo ọ̀pá kékeré tó dábùú àárín jíà ti tó, nítorí pé ọ́ìlì ń wú nígbà tó bá gbóná, ibi òrùka rọ́bà ni yóò sì bá jáde. Ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gòkè, kí ẹ tó pa á dé. Mo máa ń gbé ìkòkò náà lé irú ìwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, mo sì ń kọ gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀, kí n lè da iye kan náà nígbà mìíràn. Gíríìsì ni ti kíráùn àti píníọ̀nù níta. Kò sí ohun tí gíríìsì ń ṣe nínú ìkòkò tí ẹ bá ti da ọ́ìlì sí.

Bọ̀dá Aṣẹ́rò:

Èmi kò bá ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí lọ. Sílíkóònù tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì ni mo fi di dífù ẹ̀yìn mi pa, táyà méjèèjì sì ń yí pọ̀ nígbà gbogbo. Ọkọ̀ mi ń gun àpáta láìdúró.

Mẹkáníìkì Lafẹ́nwá:

Bọ̀dá, lórí àpáta, níbi tí ọkọ̀ ti ń rìn jẹ́jẹ́, òótọ́ ni ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń sáré ni ti àbúrò yìí. Bí ẹ bá di dífù pa lórí ilẹ̀ líle, táyà inú kò ní lè dín eré kù nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà, ara ṣáàfù àti táyà ni ìfà yẹn yóò sì hàn. Sílíkóònù gíláàsì tó ń rùn bí fínígà tún máa ń mú irin dípẹtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u wò.

Mo gbàgbé ìbéèrè rẹ kan, àbúrò. Jíà tuntun, èmi máa ń tú u wò lẹ́yìn tí mo bá ti lo bátìrì tán lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, nítorí pé eyín ṣì ń mọ ara wọn nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, bíi ogún bátìrì. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wọ omi ẹrẹ̀ ní tirẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí o tú u.

Ọmọ Ọbáńtokò:

Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dáhùn. Mo tú u ní Sátidé. Kò sí wáṣà kankan lẹ́yìn kíráùn. Ẹni tó bá mi pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kò dá a padà, èmi náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan kan wà níbẹ̀ nígbà tí mo ṣe ẹ̀kẹta fúnra mi. Wáṣà 0.2 kan àti 0.1 kan ló gbà kí àmì mákà tó bọ́ sí àárín eyín. Bẹ́ríǹ kan ti ń há, mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Mo ṣí dífù iwájú náà, mo sì bá a pé ọ́ìlì rẹ̀ ti jò tán, erùpẹ̀ pupa sì ti bá èyí tó kù pò mọ́ra bí amọ̀.

Ọkọ̀ mi kò ní dífù àárín, kílọ́ọ̀ṣì ló ní, mo sì ti dì í le jù lóòótọ́. Mo ti tú u díẹ̀. Mo da 30,000 síwájú àti 10,000 sẹ́yìn, mo wọn méjèèjì, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ mọ́jú. Bátìrì mẹ́rin ti lọ lórí 3S láti ìgbà náà, pẹ̀lú fífò, n kò sì gbọ́ ìró ká-ká-ká mọ́. Lálẹ́ yìí ni mo fẹ́ tú ti ẹ̀yìn wò bí ẹ ṣe wí. N óò kọ bí mo bá ṣe bá eyín rẹ̀ síbí.