Báwo ni ọ̀rọ̀ tí kò dùn létí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá nígbà tí iṣẹ́ bá tóbi?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń darí àwọn ẹnjiníà mélòó kan. Ẹ̀rọ tí à ń ṣe yìí, a ò tíì rí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ rí. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí a máa gbé e jáde, wọ́n sì ti kéde ẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé kò sẹ́ni tó ń jiyàn mọ́ nípàdé wa. Bí mo bá bèèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, "ó ń lọ dáadáa" ni gbogbo wọn ń wí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó kéré jù láàárín wọn dúró títí gbogbo èèyàn fi jáde tán, ó wá rọra sọ fún mi pé bátìrì ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń kíyè sí i. Mi ò fẹ́ ká sọ iṣẹ́ yìí di kékeré, ọkàn mi wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ti ṣe irú nǹkan ńlá báyìí, báwo ni ọ̀gá wọn ṣe ń gbọ́ òótọ́ kó tó di pé ẹ̀pa ò bóró mọ́?

Ìdáhùn kìíní: Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀rọ ni mò ń ṣe, ìtàn Challenger, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, ni mo sì máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá. Lálẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1986, àwọn ẹnjiníà Morton Thiokol, ilé iṣẹ́ tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń tì í gòkè, Roger Boisjoly wà lára wọn, sọ fún NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn àjò gbalasa òfuurufú, lórí fóònù pé kí ọkọ̀ náà má gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òtútù ti pọ̀ jù. Òrùka rọ́bà tó ń dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń le bí òtútù bá mú un, bó bá sì le, kò ní tètè fẹ̀ dí àlàfo, iná á gba ibẹ̀ yọ. Àwọn NASA ò gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Thiokol ní kí wọ́n fún àwọn láyè díẹ̀. Nígbà tí wọ́n kúrò lórí fóònù, ọ̀gá àgbà kan níbẹ̀ sọ fún Bob Lund, olórí àwọn ẹnjiníà, pé kó bọ́ fìlà ẹnjiníà, kó dé ti ọ̀gá. Lund yí ohùn padà. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ náà fọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá 73 lẹ́yìn tó gbéra. Àwọn 7 tó wà nínú ẹ̀ kú.

Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ rèé: tẹ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbéra ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò séwu. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni tó ní ká dúró ni wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá pé ewu máa ṣẹlẹ̀. Ta ló lè rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́? Torí náà, ẹ má ní kí ọmọ yẹn wá fi hàn pé bátìrì máa gbiná. Àwọn tó ń kánjú gbé ẹ̀rọ jáde ni kó ṣàlàyé ìdí tó fi ń gbóná.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ti John Houbolt, ẹnjiníà NASA kan, kún un. Nígbà tí NASA ń wá ọ̀nà dé òṣùpá, òun ló ní kí ọkọ̀ ńlá máa yí òṣùpá po, kí kékeré kan já lára ẹ̀ lọ balẹ̀, kó sì padà wá bá a. Wọn ò kà á sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, ó fo gbogbo ọ̀gá ẹ̀, ó kọ̀wé tààrà sí Robert Seamans, ọ̀kan nínú àwọn olórí àjọ náà. Seamans ní kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1962, Wernher von Braun, olórí àwọn tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ní NASA, tí ètò mìíràn wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ẹ̀, sọ lójú gbogbo wọn pé ti Houbolt ni kí wọ́n ṣe. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà débẹ̀ lọ́dún 1969.

Ìdáhùn kẹta: Ẹ má wá fi ẹ̀rù dá a dúró o. Falcon 1, rọ́kẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ SpaceX, kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, oṣù kẹjọ ọdún 2008, agbára díẹ̀ ṣì kù nínú apá ìsàlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì, ló bá lọ kọlu apá òkè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já kúrò lára ẹ̀. Wọ́n fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kún àkókò tí wọ́n fi ń dúró kí méjèèjì tó pínyà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, òmíràn gòkè, ó sì yí ayé po. Kò séèyàn nínú ìkankan wọn. Ohun tí kò ní pa ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kó tètè bàjẹ́ kí ẹ lè mọ ìdí ẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé púpọ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹni tó kéré jù ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èmi ni màá sọ kẹ́yìn. Bátìrì yẹn, a máa lò ó lálòjù nínú yàrá tí kò séèyàn, ká mọ ibi tí agbára ẹ̀ mọ. Ṣé kí n dárúkọ ọmọ náà, kí n yìn ín lójú gbogbo wọn?

Ìdáhùn kìíní: Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá fẹ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ bátìrì kalẹ̀ bí ọ̀rọ̀ tiyín, kí ẹ sì sún ọjọ́ yẹn síwájú bí àyẹ̀wò ò bá tíì parí.