Agbàmì ni, kì í ṣe "olùgba-ìdùnnú"

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, okun o.

Lórí bí a ó ṣe máa fi Yorùbá pe àwọn ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ọpọlọ, ẹni tó kọ̀wé láti Isanlu dábàá pé kí á máa pe sẹrotónìn, èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ara fi ń fi àmì ránṣẹ́ síra wọn, ní "èròjà ìdùnnú", kí risẹ́pítọ̀ rẹ̀, ohun ara sẹ́ẹ̀lì tó ń gba àmì náà, sì máa jẹ́ "olùgba-ìdùnnú". Ẹ̀gbọ́n wa ní Kabba ti fọwọ́ sí i, wọ́n ní àwọn ọmọ iléèwé á tètè rántí rẹ̀. Ó dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Àwọn eku tí wọ́n ń fún ní kokéènì nílé ìwádìí ni ẹlẹ́rìí mi.

Ní 1948 ni Maurice Rapport, Arda Green àti Irvine Page yọ sẹrotónìn jáde láti inú ẹ̀jẹ̀, ní Cleveland, Amẹ́ríkà. Ohun tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀ ni wọ́n ń wá, ìyẹn náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ ló wà nínú ìfun. Ṣé ìfun ni yóò wá máa yọ̀?

Ọ̀rọ̀ eku gan-an ló ba àbá náà jẹ́. Kokéènì a máa dí ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń kó sẹrotónìn àti dópámìn, èròjà mìíràn tó ń gbé àmì, padà sílé, wọ́n á wá kún ìta. Eku tó bá gbà á kì í jókòó, á máa sá síwá sá sẹ́yìn nínú àgò. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ fún un ní oògùn tó ń ta 5-HT2C jí (5-HT ni orúkọ ìkékúrú sẹrotónìn, 2C sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn risẹ́pítọ̀ rẹ̀), ìsákiri náà á dínkù. Èyí tí wọ́n ti kọ́ láti máa tẹ ọ̀pá gba kokéènì pàápàá kò ní tẹ̀ ẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ti risẹ́pítọ̀ 5-HT2A wá yàtọ̀ pátápátá: dídí ni wọ́n ń dí i kí ìsákiri tó rọlẹ̀. Sẹrotónìn kan náà ni, ọmọ ìdílé kan náà sì ni àwọn méjèèjì. Èwo nínú wọn ni ẹ fẹ́ pè ní olùgba-ìdùnnú? Ẹ má sì gbàgbé 5-HT1B: ní 1998 ni wọ́n ròyìn pé eku tí wọ́n bí láìní in a máa wá kokéènì kiri ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Àbá tèmi ni "agbàmì", ohun tó ń gba àmì. Kò sọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, gbígbà nìkan ló sọ. Nọ́ńbà àti lẹ́tà á ṣe ìyókù: agbàmì 2A, agbàmì 2C. Ẹnìkan á ní bí a kò bá fàmì sí i, "agbami" òkun ni èèyàn á kà. Bẹ́ẹ̀ ni, àwa ọmọ Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, ni a ó sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kí á yáa fàmì sí i.

"Oògùn olóró" tí àwọn kan ń lò fún kokéènì àti amphetamine, oògùn tó ń lé oorun lọ, kò bá a mu. Tramadol àti codeine wà lábẹ́ orúkọ yẹn, bẹ́ẹ̀ ìrora ni wọ́n ń pa, oorun ni wọ́n sì sábà máa ń fà. "Amúnitají" ni mo fara mọ́. Ó gba obì tí awakọ̀ tírélà ń jẹ lọ́nà Ọbájáná sí Kabba mọ́ra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbàmì adenosine, èròjà tó ń mú oorun kunni, ni kaféènì inú obì ń dí, kì í ṣe ti sẹrotónìn.

Dípò "ìwà eku", ẹ jẹ́ ká kọ "ìṣesí". Ìdájọ́ wà nínú ìwà, bẹ́ẹ̀ bí eku ṣe sáré tó ni wọ́n ń wọ̀n.

Ó wá ku oògùn tó ń ta agbàmì jí àti èyí tó ń dí i. Ará Mopa kan kọ "ajígbàmì" àti "adígbàmì" ránṣẹ́. Èkejì dára. Àkọ́kọ́ ni kò wọ̀ mí létí, torí ó ti sún mọ́ "ajínigbé" jù, pàápàá lágbègbè wa yìí. Ta ló ní òmíràn?