Àbọ̀ ìbéèrè mi: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí kò dúró sójú kan

Mo béèrè lọ́wọ́ yín ìdí tí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nílé fi ń fi 152/94 hàn, tó tún ń di 138/86 kété lẹ́yìn náà. Ìmọ̀ràn tó yanjú ẹ̀ jù ni ti aṣọ tí à ń wé mọ́ apá. Apá tí àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 36 ni a wé aṣọ tí kò gbà ju 32 lọ mọ́. Aṣọ tó bá kéré máa ń gbé nọ́ńbà sókè. A pààrọ̀ rẹ̀, a jókòó ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀, apá lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn: ìyàtọ̀ kò ju 4 lọ mọ́. Títọ̀ ṣáájú ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀.

A wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́, fún ọjọ́ 7, a yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò. Àròpín jẹ́ 137/86. Nílé, 135/85 sókè ti ga, torí náà àkọsílẹ̀ náà ń lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ ṣé gan-an.