Ọ̀nà tí kò lórúkọ: ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí ní káńsù

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, òjò àná ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́. Etí Ìbàdàn ni mò ń gbé, níbi tí ìlú ti ń wọ oko. Nígbà tí mo kó débẹ̀, ilé 7 péré ni wá. Ní báyìí a ti ju 60 lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn náà sì ni gbogbo wa ń gbà wọlé. Bí òjò bá rọ̀, ọlọ́kadà á sọ owó di ìlọ́po méjì. Bó bá rọ mọ́jú, kò tiẹ̀ ní wá mọ́.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé, èmi ni wọ́n sì máa ń rán sí káńsù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé lẹ́tà lọ, ẹni tí mo bá ní ọ́fíìsì ní ọ̀nà ìpínlẹ̀ ni. Mo gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà ìpínlẹ̀ lọ. Wọ́n ní rárá o, ọ̀nà abẹ́lé ni, ti káńsù ni. Mo padà sí káńsù, wọ́n ní ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti lọ fún ìsinmi. Oṣù 14 ni mo fi rìn bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Bàbá kan tó ń tọ́jú fáìlì ló ṣàánú mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Akọ̀wé, kí lorúkọ ọ̀nà yín gan-an?" Mo ní ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ilé epo wọlé ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ohun tí òun máa kọ sínú ìwé ìṣúná nìyẹn?

Èmi tí mo ka ìwé dé ibi tí mo kà á dé, mi ò mọ̀ pé fífún ọ̀nà lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé wà lára iṣẹ́ tí òfin orílẹ̀-èdè 1999 gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, níbi kan náà tí wọ́n ka ọjà, ibùdókọ̀ àti itẹ́ òkú sí. Wọ́n ti ń ṣe ìṣúná lọ́dọọdún lórí wa, àwa kò sí nínú rẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ dé ìpàdé. Mo rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni a máa fi parí ẹ̀. Ìpàdé mẹ́ta ni a fi jà! Alága wa ní òun lòun kọ́kọ́ kọ́lé níbẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ òun sọ ọ́. Alhájì tó wà ní kọ̀rọ̀ ní ta ló sáré kiri nígbà tí tiransifọ́mà jó. Ọ̀gá kan tó wà lókè òkun fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé bí a bá lè fi orúkọ bàbá òun sọ ọ́, òun nìkan á san gbogbo owó tí káńsù máa gbà, àwọn kan sì ti ń mi orí. Ayálégbé kan, obìnrin tí a kì í fún láyè sọ̀rọ̀ nípàdé tẹ́lẹ̀, ló na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ń júwe ilé fún ọlọ́kadà, Ọ̀nà Ológì ni mo máa ń pè é. Kò sí ọlọ́kadà tí kò mọ̀ ọ́n." Ilé pa lọ́lọ́. Ìyá àgbà kan ti ń ta ògì lẹ́nu ọ̀nà yẹn kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ra pulọ́ọ̀tì.

Ọ̀nà Ológì la kọ sílẹ̀. A sanwó, wọ́n já rìsíìtì fún wa. Ẹ̀yin ńkọ́? Ilẹ̀ ni o, ọ̀nà ni o, ilé ìwé ni o, ẹ sọ tiyín.

Ìyá Elélùbọ́

Akọ̀wé, ẹ kú akitiyan. Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n tèmi kò pani lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbẹ́ títì ni ọjà wa wà. Ọdún 19 ni mo fi ta èlùbọ́ níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan la dé tí a bá X pupa lára gbogbo ìsọ̀, pé wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà. Wọn ò bá ẹnì kankan sọ ọ́ ṣáájú. Ọ̀dà náà ò tíì gbẹ, ó ràn mọ́ ìró mi, kò sì jáde títí dòní.

Ìyálọ́jà kó wa lọ sí káńsù. Ọkùnrin kan tí kò gbójú sókè wò wá ní a ò lẹ́tọ̀ọ́ kankan, pé ojú ọ̀nà ni a jókòó sí, àwa la gba ilẹ̀ ìjọba. Àwa kẹ̀! Ara mi gbóná. Mo ní kí ọmọ mi sáré lọ gbé agolo mílíìkì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wá. Ìyá mi tó fi ìsọ̀ lé mi lọ́wọ́ ló kọ́ mi: ó ní bébà tí ìjọba bá fún ọ, má sọ ọ́ nù, kódà bí o ò mọ̀ ọ́n kà. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ló kún inú rẹ̀, èyí tí àwọn agbowó káńsù ń já fún wa. Mo da gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì ọ̀gá náà. Òmíràn ti ṣá, kòkòrò ti jẹ òmíràn létí, gbogbo wọn ń rùn bí èlùbọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, bí a bá jẹ́ olè ilẹ̀, ọdún 19 lẹ ti ń gbowó lọ́wọ́ olè nìyẹn."

Àwọn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ni wọ́n kọ orúkọ wọn fún ìsọ̀ tuntun. Àwa 38 ni, nínú èèyàn tó ju 100 lọ. Àwọn yòókù ti fi tiwọn pọ́n ẹ̀pà. Ìsọ̀ tuntun náà jìnnà sí títì, ọjà ò yá níbẹ̀, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè mi. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n mo ní ìsọ̀.

Bàbá Fẹ̀yìntì

Ọdún 32 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà ẹ má bínú sí mi. Ìyá, tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Owó ojúmọ́ lásán ni. Ẹ bá ẹni tí ojú ń tì pàdé ni. Ká ní ẹ gbé e lọ sí kóòtù, adájọ́ lè má kà á sí.

Òfin Lílo Ilẹ̀ tó jáde ní March 29, 1978 ló fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ ẹni fún ohun tó kan gbogbo ìlú, ó gbọ́dọ̀ fi ìwé tó o létí, kó sì san owó gbà-má-bìínú. Ibi tó ti ń dun àwọn èèyàn wa nìyí: kì í ṣe iye tí ẹ ra ilẹ̀ ni wọ́n máa san. Ilé tí ẹ kọ́ sórí rẹ̀ ni wọ́n máa díye lé, wọ́n á sì yọ ti ọjọ́ orí ilé kúrò. Wọ́n á ka nǹkan ọ̀gbìn yín. Wọ́n á fi owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún yẹn kún un, bí ẹ bá san. Erùpẹ̀ fúnra rẹ̀ kò níye. Bàbá kan sunkún níwájú mi lọ́jọ́sí. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi ra pulọ́ọ̀tì méjì, kò tíì gbé búlọ́ọ̀kù kan lé orí ara wọn níbẹ̀. Igi ọsàn mẹ́ta ni a rí kà fún un. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, ọsàn mẹ́ta, mi ò sì lè wo ojú rẹ̀.

Ní ti owó káńsù tí ẹ rò pé alága ń jẹ (mi ò ní kì í jẹ o), òfin 1999 ní kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọ inú àpò àpapọ̀ kan lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kàn wá. Ní ìgbà tèmi, àwọn oṣù kan wà tó jẹ́ pé owó oṣù òṣìṣẹ́ nìkan ló tó, kò ku owó epo fún katakata. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ ní July 11, 2024 pé tààrà ni kí wọ́n máa san owó náà fún káńsù. Ẹ wọ ọ́fíìsì alága yín, kí ẹ bi í léèrè èyí tó ti dé.

Tíṣà Abúlé

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ owó tíṣà. Òótọ́ ni pé wọ́n ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yọ ọ́ tán, wọ́n á máa ṣe bíi pé ilé ìwé ti gba tiẹ̀. Èmi ni mò ń ra ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń kọ́ ọmọ wọn. Owó kan tún wà ní Abuja láti ìgbà òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) 2004, tí wọ́n ń fi kọ́ kíláàsì, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú tiẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ìjì ṣí páànù kíláàsì 4 wa, a kọ lẹ́tà. Wọ́n ní ká ya fọ́tò. A ya fọ́tò. Wọ́n ní fọ́tò náà ṣókùnkùn. Ibo ni òkùnkùn ti fẹ́ wọ ilé tí kò lórùlé, ẹ gbà mí!

Ilé ìwé wa wà lára àwọn tí wọ́n fi ìkánjú kọ́ nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955. Ẹbí kan ló yọ̀ǹda ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu àti obì ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin mẹ́rin wọ pápá wa nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣeré, wọ́n ń ta okùn, wọ́n ń kan èèkàn. Wọ́n ní káńsù ti fọwọ́ sí ìsọ̀ 24 níwájú títì, pé owó tó bá wọlé níbẹ̀ la ó fi ṣe páànù.

Ọ̀gá wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Mi ò bá a wí. Ẹni tó kó ọmọ 71 sábẹ́ igi máńgòrò, tó gbọ́ páànù, kí ló fẹ́ wí? Èmi ni mo ní ká ní sùúrù. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ìlù fífọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwé wà níbẹ̀, ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ku inú. Ọ̀gá àkọ́kọ́ fi gègé kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ: ọjọ́ tí wọ́n fún wa nílẹ̀, orúkọ baálé tó fún wa, igi ìrókò ní apá kan, odò ní apá kejì, àní àwọn tó jẹ obì níbẹ̀. Ìrókò yẹn ṣì wà.

A ya fọ́tò ojú ìwé náà, a pín in fún àwọn òbí. Ọmọ ọmọ baálé yẹn fúnra rẹ̀ bá wa lọ sí káńsù. Wọ́n dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ìsọ̀ mẹ́fà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dá a dúró, ó sì wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ewúrẹ́ ló ń sùn nínú rẹ̀. Àwọn òbí ló dá owó páànù, ìlàjì òrùlé ni ó ká.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ

Tíṣà, ẹ gbé ìwé yẹn kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù o, ikán ò tíì lọ. Akọ̀wé, ẹ ò parí tiyín. Ṣé katakata dé?

Akọ̀wé Àdúgbò

Ó dé. Oṣù 5 lẹ́yìn tí a gba rìsíìtì, ọjọ́ méjì ló fi ṣiṣẹ́. Wọ́n ha ilẹ̀, wọ́n da ilẹ̀ pupa lé e, wọ́n gbẹ́ gọ́tà sí apá kan ṣoṣo. Òjò àná ti wọ́ díẹ̀ lọ nínú ilẹ̀ pupa náà, a sì ti ń dá owó òkúta. Àwa la tún sanwó bọ́ọ̀dù tí a kọ orúkọ ọ̀nà sí. Gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ gba ibi tí Ìyá Ológì máa ń gbé ìkòkò kà gẹ́lẹ́. Mo lọ bẹ Ìyá. Wọ́n ní kò burú, wọ́n ti sún un sẹ́yìn, sábẹ́ bọ́ọ̀dù, wọ́n sì bi mí pé kí ni wọ́n kọ sára rẹ̀.