Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni epidural (abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń dín ìrora ìrọbí kù) máa ń ba ẹ̀yìn jẹ́?

Ìyá_Àkọ́bí (Manchester):
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ìyá mi. Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 35, àkọ́kọ́ mi nìyí, nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni mo fẹ́ fún ìrora ìrọbí, mo ní epidural, ló bá dọ̀rọ̀ nílé. Mọ́mì ọkọ mi pè láti Ìbàdàn, wọ́n ní abẹ́rẹ́ yẹn ló sọ ọmọ àbúrò àwọn di ẹni tí ò lè gbé garawa omi mọ́, pé ó sì máa ń sọ èèyàn di oní-CS, ẹni tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún kó tó bímọ. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ẹ sọjú abẹ níkòó fún mi.

Agbẹ̀bí_Leeds:
Àbúrò mi, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe. Abẹ́rẹ́ yẹn kì í dúró sẹ́yìn ẹ o, wọ́n á fà á yọ, rọ́bà tín-ín-rín kan ló máa kù tí oògùn á máa gbà wọlé díẹ̀díẹ̀, ó lè tó 20 mínítì kó tó mú dáadáa. Ojú ibẹ̀ lè máa ro ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ àwọn tó ṣèwádìí ò rí i pé ó ń fa ẹ̀yìn ríro tó ń pẹ́, oyún fúnra ẹ̀ àti ọmọ gbígbé pọ̀n ń dá ẹ̀yìn lágara tó. Ti CS yẹn, Cochrane, àjọ tó ń ṣàkójọ ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí lórí àwọn obìnrin tó lé ní 11,000 jọ lọ́dún 2018, kò fi kún CS. Ó kàn lè jẹ́ kí púùṣì, ìyẹn títi ọmọ jáde, pẹ́ sí i.

Mi ò ní purọ́ fún ẹ pé kò léwu kankan. BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) lè já wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wò ó léraléra. Nínú 100 èèyàn, bí ẹnì kan máa ń ní ẹ̀fọ́rí burúkú, tó bá jókòó á máa fọ́, tó bá dùbúlẹ̀ á rọlẹ̀, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀. Kí iṣan ìmọ̀lára (nerve) bàjẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ, nǹkan bí 1 nínú 13,000 ni.

Ìyá_Ìbejì (Ìbàdàn):
Èmi gbà á ní private níbí, owó ẹ̀ ò kéré. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ara mi kú, ẹ̀gbẹ́ òsì ò kú rárá, mò ń pariwo, àfìgbà tí dókítà fa rọ́bà yẹn sẹ́yìn díẹ̀ tí wọ́n ní kí n yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ara ń yún mi, mo sì ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n mo rí oorun wákàtí méjì sùn kí n tó bí èkíní, mi ò lè gbàgbé oorun yẹn láéláé.

Ìyá_Àkọ́bí:
Ẹ ṣé gan-an ni mọ́mì mi. Ṣé ti abẹ́rẹ́ Clexane, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí mò ń gún sínú ikùn lálaalẹ́ ò ní dí i lọ́wọ́?

Agbẹ̀bí_Leeds:
Háà, o ò sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀! Ó kàn án gan-an o. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì, wákàtí 12 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó gún ẹ lẹ́yìn, tó bá jẹ́ ìwọ̀n ńlá, wákàtí 24. Pe ọsibítù ẹ lónìí, kí dókítà tó máa gún ẹ ti mọ̀ sílẹ̀. Tí inú bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ, má gún òmíràn, wọ́ọ̀dù ni kó o kọ́kọ́ pè.