Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lórí Glivec àti àwọn oògùn bíi tirẹ̀, ẹ wá sọ tiyín

Tíṣà Ìṣirò

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún òun pé CML ló ń ṣe òun, irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan. Ó ní ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè pẹ́ láyé pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní kí n dáhùn ní gbangba, torí ó dá mi lójú pé òun nìkan kọ́ ló ń bi ara rẹ̀. Ọdún 2006 ni tèmi. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò.

Ikùn ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Òkèlè mélòó kan péré, mo ti yó. Ìhà òsì mi le gbagidi, ọrùn mi ń tín-ín-rín, òru sì ń dé tí aṣọ ibùsùn á rin gbingbin. Àwọn àgbà ilé wa ní ọlọ inú ni, wọ́n já ewé, wọ́n se àgbo. Níbi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n tọ́jú ibà, wọ́n tọ́jú táífọ́ọ̀dù, wọ́n tún padà sí ibà, títí nọ́ọ̀sì àgbà kan fi ní kí wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ mi. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó yẹ kó wà láàárín 4,000 sí 11,000, tèmi lé ní 300,000. Dókítà kékeré tó rí èsì náà kò bá mi sọ nǹkan kan, ó dìde lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá kọ lẹ́tà, ó ní kí n gba Ifẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe là á yé mi níbẹ̀, torí àlàyé yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Chromosome, ìyẹn okùn tín-ín-rín tó ru jíìnì (ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀lé), 46 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn. Nínú mùdùnmúdùn eegun mi, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ìkẹsàn-án àti ìkejìlélógún ṣẹ́, wọ́n sì gba ègé ara wọn. Jíìnì tó ń jẹ́ ABL kúrò lórí ìkẹsàn-án, ó lọ lẹ̀ mọ́ BCR lórí ìkejìlélógún. Ohun tí wọ́n jọ dà, BCR-ABL, ló ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì kó máa bí sí i láìsinmi, bí ọ̀kadà tí ọwọ́ iná rẹ̀ há. Peter Nowell àti David Hungerford ló rí chromosome tó kéré ju àwọn yòókù lọ yìí ní Philadelphia lọ́dún 1960, ìlú yẹn náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó di 1973 kí Janet Rowley ní Chicago tó fi hàn pé pàṣípààrọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ó di 1998 kí Brian Druker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán oògùn kan tó ń jẹ́ imatinib wò lára àwọn aláìsàn. May 2001 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Imatinib yìí náà ni Glivec. Kì í ṣe bíi kímò tó ń kọlu gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára dàgbà. Ojú ibi tí BCR-ABL ti ń gba agbára ló lọ ń dí.

Kí ó tó dé, àwọn tó ní CML kì í sábà rékọjá ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, àyàfi ẹni tó bá rí mùdùnmúdùn ẹlòmíì gbà. Nígbà tí wọ́n gbé èsì ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní IRIS jáde lọ́dún 2017, nǹkan bí 83 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú imatinib ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Mo lẹ ìwé yẹn mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá mi.

Ti owó ńkọ́? Lókè òkun nígbà náà, ó sún mọ́ dọ́là 30,000 lọ́dún. Olùkọ́ ìjọba ni mí. Ṣùgbọ́n láti 2003 ni wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Teaching Hospital OAU ní Ifẹ̀, lábẹ́ ètò Novartis, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Glivec, àti àjọ aláàánú The Max Foundation. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi ló ṣíwájú iṣẹ́ náà níbẹ̀. Gbogbo Nàìjíríà ló ń wá. Lórí bẹ́ǹṣì kan náà, mo jókòó ti ará Maiduguri, mo jókòó ti ará Calabar, àwọn míì sì ti sùn sínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo rò pé àwọn arúgbó ni mo máa bá níbẹ̀, àfi bí mo ṣe rí i pé ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù. Ojú mi kò tàn mí: nínú àwọn 98 tí wọ́n kọ ìròyìn wọn jáde, tí wọ́n gba oògùn láàárín 2003 sí 2007, ọjọ́ orí tó wà ní agbedeméjì jẹ́ 36. Lókè òkun, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló ń ṣe jù.

Mílígíráàmù 400 lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi tó pọ̀. Láàárọ̀, ìpéǹpéjú mi á wú bí ẹni pé mo sunkún mọ́jú. Lóru, pajápajá á mú mi lẹ́sẹ̀. Mo ti mọ́ra báyìí. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Tòmíwá

Tíṣà, ẹ ṣé gan-an, ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé ti àwọ̀! Èmi adúmáadán yìí, kò ju bí ọdún kan lọ lórí Glivec tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pupa. Dókítà ní oògùn náà ń dí jíìnì míì tó ń jẹ́ KIT lọ́wọ́, òun sì ni sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dúdú ara gbára lé. Ìyá ìjọ wa fà mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, má bóra mọ́, Ọlọ́run ò ṣe àṣìṣe." Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ wọn obìnrin wá bẹ̀ mí kí n sọ orúkọ ìpara náà fún òun.

Àmọ́ ilé àna ló le jù fún mi. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣèwádìí kí a tó gbé ìyàwó: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wárápá. Bí ìyá ọkọ mi ṣe gbọ́ pé ọ̀rọ̀ jíìnì ni, ọ̀rọ̀ parí. Lójú tiwọn, jíìnì ni genotype, genotype sì ni AS àti SS tí ọmọ ń jogún. Wọn ò jẹ̀bi. Èwo la tún mọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn?

Dókítà ló pè wá jókòó, èmi, ọkọ mi àti Màmá. Wọ́n ní wọn ò bí CML mọ́ mi. Inú sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn kan ṣoṣo ni chromosome ti ṣẹ́ lẹ́yìn tí mo ti wà láyé, tí sẹ́ẹ̀lì yẹn wá ń bí irú ara rẹ̀. Kò sí lára bàbá mi, kò sí lára ìyá mi, kò sì dé ibi tí ọmọ ti ń wá. Màmá béèrè lẹ́ẹ̀mejì, "Ṣé ẹ lè búra?" Dókítà ní àwọn lè búra.

Ti oyún náà kì í ṣe ohun àdéédéé. Imatinib lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Wọ́n dúró títí PCR mi, àyẹ̀wò tó ń ka iye BCR-ABL nínú ẹ̀jẹ̀, fi wà nísàlẹ̀ gan-an fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó gbà kí n dá oògùn dúró. Wọ́n ní bí iye náà bá gbéra jù, interferon wà nílẹ̀ tí aboyún lè gbà. Ó gbéra díẹ̀, kò dé ibi ìbẹ̀rù. Mo bí Tòmíwá, mo fún un lọ́mú fúngbà díẹ̀, mo sì já a lẹ́nu ọmú nígbà tí mo fẹ́ padà sórí oògùn, torí oògùn náà ń wọ inú wàrà. Nínú gbogbo ọmọ-ọmọ wọn, Tòmíwá ni Màmá ń pọ̀n jù báyìí.

Ọmọ Ọ̀fà

Mi ò fẹ́ fi tèmi ba ọ̀rọ̀ ayọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kẹ́nì kan sọ ọ́. Wẹ́dà ni àbúrò mi ọkùnrin. Oògùn mú un dáadáa, ikùn rẹ̀ wálẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ara yíyá yẹn gan-an ló fa wàhálà. Owó ọkọ̀ ń gun òkè, àwọn dókítà yan iṣẹ́ lódì, ó ní ṣebí òun ò ṣàìsàn mọ́. Ẹnì kan nínú ìjọ rẹ̀ sì tún sọ fún un pé ìgbàgbọ́ àti oògùn kì í gbé inú ilé kan.

Ìgbà tí a fi gbé e padà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó ti kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Blast crisis ni wọ́n pè é. Wọ́n fi kún oògùn, kò gbọ́. Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé BCR-ABL náà ti yí padà, pé irú ìyípadà kan wà tó ń jẹ́ T315I: imatinib ò ràn án, dasatinib àti nilotinib tí wọ́n ṣe tẹ̀lé e náà ò ràn án, ponatinib ló lè ràn án. A wá ponatinib dé Èkó, a ò rí i. Ọmọ ọdún 33 ni.

Ẹ má bínú sí mi.

Ará Woolwich

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á tu yín nínú.

Tiwa kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni. Àbúrò mi obìnrin kò fa sìgá rí. Ikọ́ ni, wọ́n ń fún un ní oògùn àkóràn níbí ní London títí wọ́n fi ya fọ́tò àyà rẹ̀. Wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà, wọ́n yẹ jíìnì rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé EGFR ló bàjẹ́. Ọdún 2004 làwọn oníwádìí ní Boston ṣàwárí ọ̀rọ̀ EGFR yìí nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tí kò fa sìgá rí. Síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n wa kan pè láti Ìbàdàn, wọ́n ní ṣé kò máa fà á ní ìkọ̀kọ̀ ni.

Afatinib ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ó ṣiṣẹ́, nígbà tó yá kò ràn án mọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá ìyípadà tuntun tí wọ́n ń pè ní T790M. Wọ́n wá gbé e sórí osimertinib, hóró kan lójúmọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà lápapọ̀ báyìí. Èékánná rẹ̀ ń wọ ẹran, ìgbẹ́ gbuuru ń bá a fínra, ara rẹ̀ ń gbẹ. Ó ṣì ń dá wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, kò rí bíi ti CML. Oníṣègùn rẹ̀ sọ ọ́ láìfi bò pé ní ìbẹ̀rẹ̀ CML, àṣìṣe kan ṣoṣo ló ń darí gbogbo rẹ̀. Ti ẹ̀dọ̀fóró, àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń wá ọ̀nà gbà jáde. Gbogbo ìgbà tí scan bá sún mọ́lé, gbogbo ilé ló ń dákẹ́.

Ikùn Ni Tèmi

Ẹ fún mi láyè díẹ̀. GIST, irú jẹjẹrẹ kan, kókó inú agbẹ̀du. KIT tó sọ Ìyá Tòmíwá di pupa yẹn ló bàjẹ́ nínú tèmi, ìdí nìyẹn tí Glivec fi ràn án. Wọ́n gé e, mo lo oògùn fún ọdún mẹ́ta. Mo wà o.

Bọ́lá Láàbù

Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí ara yá àti kí PCR dára kì í ṣe ohun kan náà, ẹ gbọ́ ti Ọmọ Ọ̀fà. Iye ẹ̀jẹ̀ lè wà níbi tó yẹ kí BCR-ABL ṣì pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí a ń lé ni kó wálẹ̀ dé 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi ń wá ikọ́ ẹ̀gbẹ kiri Nàìjíríà, kátíríìjì kan wà fún un tó ń ka BCR-ABL. Ẹ bi dókítà yín bóyá ó wà nítòsí, kí ẹ tó fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sọ́nà jíjìn.

Ọmọ Ọ̀fà

Ẹ ṣeun. Tíṣà, ẹ̀yin tó ti pẹ́ tó báyìí, ṣé ẹ ò lè dáwọ́ oògùn dúró ni?

Tíṣà Ìṣirò

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó dára bí ẹ ṣe sọ ọ́.

Mo bi wọ́n léèrè. Ní Faransé, wọ́n dá a dúró fún èèyàn 100 tí PCR kò rí nǹkan kan lára wọn fún ó kéré tán ọdún méjì. Wọ́n kọ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2010: nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn kò padà sí lára lẹ́yìn ọdún kan. Àwọn tó padà sí lára, ọ̀pọ̀ jù lọ láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni, oògùn sì tún ràn wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n oṣooṣù ni wọ́n ń ṣe PCR fún wọn. Èmi tí èsì tèmi máa ń pẹ́ kó tó dé, kí ni mo fẹ́ fi ṣọ́ ọ? Mo ń bá hóró mi lọ.

Àlejò Ìgbòho

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ni. Ẹ̀jẹ̀ funfun wọn jẹ́ 180,000. Wọ́n ní leukaemia, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ni, wọn ò sọ irú èyí tó jẹ́. Ẹnì kan ní òun lè bá wa ra imatinib ti Íńdíà ní fámásì. Ṣé kí a rà á?

Bọ́lá Láàbù

Ẹ má tíì rà á. Leukaemia tí kò ní BCR-ABL nínú pọ̀, imatinib ò sì ní ṣe nǹkan kan fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọjọ́ á kàn máa lọ ni. Àyẹ̀wò ló ṣáájú.

Tíṣà Ìṣirò

Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà tó rí wọn, ẹ mú èsì ẹ̀jẹ̀ náà àti gbogbo oògùn tí wọ́n ti lò dání, àgbo pẹ̀lú, ẹ má fi pamọ́. Ẹ máa bọ̀ ní Ifẹ̀, ẹ béèrè fún ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ẹ̀jẹ̀. Láti Ìgbòho, ẹ tètè gbéra, kí Màmá sì jẹun kí ẹ tó kúrò nílé, torí ìlà máa ń gùn. Bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ síbí. Tó bá bọ́ sí ọjọ́ kílíníìkì tèmi, màá dúró dè yín ní Mayfair, ní Ifẹ̀ níbí.